Ojú Ọgbẹ́ Ti Padé, Ṣùgbọ́n Kò Tíì Lẹ̀ Dáadáa

Nígbà tí mo wà ní 300 level, mo gba 17 nínú 20 nínú ìdánwò kékeré kan tí wọ́n ṣe fún wa lórí bí àwọn sẹ́ẹ̀lì kọ́níà ṣe ń so mọ́ra wọn. Ìbéèrè náà kò le. Wọ́n ní ká dárúkọ àwọn ìsopọ̀ tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè kọ́níà, ká sì kọ purotéènì méjì méjì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti kíráàmù gbogbo rẹ̀. Mo kọ E-cadherin, mo kọ desmoglein, mo kọ integrin α6β4 àti laminin-332. Inú mi dùn gan-an nígbà tí ìwé náà padà dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìdánwò yẹn ni a gba ìsinmi, mo sì lọ kí ẹ̀gbọ́n màmá mi tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Ìbàdàn. Mo bá wọn tí wọ́n fi aṣọ bo ojú wọn ti òsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ọmọ ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́jọ, fi èékánná họ wọ́n lójú nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ fún un. Wọ́n lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní àdúgbò, wọ́n fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò ní, "Màmá, ojú yín ti jiná. Ẹ máa lọ sílé." Lójú ara rẹ̀, òótọ́ ló sọ. Ìrora ti lọ, omi ojú ti dá, wọ́n sì ń ríran kedere.

Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n jí ní ìdájí, bí wọ́n sì ṣe la ojú, ó dà bíi pé wọ́n fi abẹ gé e. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti rọlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ṣẹlẹ̀, ìdájí náà ni. Ó tún di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa sọ. Ìrora tó jẹ́ pé ojú oorun nìkan ló ń bá ènìyàn, tí kì í sí lọ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan ojú náà: nílẹ̀ wa, ìtumọ̀ ti wà fún un kí dókítà tó dé. Wọ́n ní ayé ló ń fi ata sí wọn lójú lóru. Wọ́n tọ́ka sí ìyàwó àbúrò ọkọ wọn tí wọ́n jọ ń gbé inú agbo ilé kan náà, nítorí pé òun ló gbé ọmọ náà lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó họ wọ́n. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọn kò bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ mọ́, ẹnìkan sì ti fún wọn ní oje ewé kan tí wọ́n ń kán sí ojú náà láràárọ̀.

Mo lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn. Mo bá wọn kẹ́dùn. Mo ní kí wọ́n fi oje ewé yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀, wọn kò sì gbọ́ tèmi. Èmi tí mo gba 17 nínú 20, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ohun tí mo kọ sínú ìwé ìdánwò náà gan-an ló ń ṣe wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Èrò mi ni pé bí a ṣe ń kọ́ nípa àwọn purotéènì tó ń lẹ sẹ́ẹ̀lì mọ́ra lójú ní ẹ̀ka wa kò dára tó, àti pé bí a ṣe ń tú aláìsàn sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbẹ́ ojú kékeré kò dára tó. Àléébù kan náà ni méjèèjì, a sì lè tún un ṣe láìná owó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tí a ń sọ. Kọ́níà, awọ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì níwájú ẹyinjú, kò nípọn ju bí ìdajì mílímítà lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo òkè rẹ̀ jẹ́ ìpele márùn-ún sí méje péré, gbogbo wọn pọ̀ kò sì ju nǹkan bí 50 máíkírómítà. Bí ènìyàn bá ń ṣẹ́jú ní ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan, láàárín wákàtí 16 tí kò fi sùn, ìpénpéjú rẹ̀ yóò ti gba orí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kọjá ní ìgbà tó ju 14,000 lọ. Síbẹ̀ wọn kì í ṣí. Ohun tó mú wọn dúró ni àwọn purotéènì tí a ń kíráàmù.

Iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà. Ní òkè pátápátá, occludin, claudin àti ZO-1 ló ń dí àlàfo tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, kí omi má baà máa jò wọlé, kí kòkòrò àrùn má sì rí ọ̀nà gbà. Ní ẹ̀gbẹ́, E-cadherin sẹ́ẹ̀lì kan ń di E-cadherin aládùúgbò rẹ̀ mú, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá di ọwọ́ ara wọn mú. Kálísíọ́mù ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ náà tú. Bí kálísíọ́mù bá kúrò níbẹ̀, wọ́n á fi ara wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ Masatoshi Takeichi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kyoto, ní Japan, ló jẹ́ kí a mọ èyí, àwọn náà ló fún un ní orúkọ cadherin ní àwọn ọdún 1980. Desmoglein àti desmocollin tún wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹn kan náà, àwọn ni ìdè tó le jù tí kì í jẹ́ kí fífà àti títì ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi wà. Ní ìsàlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kò di sẹ́ẹ̀lì mú mọ́. Ilẹ̀ ló ń di mú. Ìtẹ́lẹ̀ fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ìwé wa ń pè ní basement membrane. Integrin α6β4 gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá bí ìṣó. Apá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì so mọ́ okùn keratin nípasẹ̀ plectin àti BP230. Apá tó yọ síta di laminin-332 mú nínú ìtẹ́lẹ̀ náà. Collagen XVII wà níbẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́. Lábẹ́ ìtẹ́lẹ̀, collagen VII ta gbòǹgbò wọ inú kọ́níà lọ. Gbogbo àkójọpọ̀ tó wà ní ojú sẹ́ẹ̀lì yẹn ni a ń pè ní hemidesmosome. Richard Hynes, tí wọ́n bí ní Nairobi ní ilẹ̀ Kenya, wà lára àwọn tó sọ integrin lórúkọ ní 1986, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Lasker ní 2022 nítorí iṣẹ́ yìí.

Wàyí o, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èékánná bá họ ibẹ̀? Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà létí ọgbẹ́ kọ́kọ́ ní láti tú ìṣó wọn, nítorí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ kò lè rìn. Wọ́n á fẹ̀, wọ́n á máa fà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi máa bo ojú ọgbẹ́. Fún ọgbẹ́ kékeré, ọjọ́ kan sí mẹ́ta ti tó. Bí a bá kán fluorescein sí i lọ́jọ́ kẹta tí a tan iná búlúù, kò ní mú àwọ̀ mọ́. Ìrora á ti lọ. Gbogbo wa á sọ pé ó ti jiná.

Ohun tí fluorescein ń fi hàn wá ni pé ojú ọgbẹ́ ti padé. Kò lè sọ fún wa bóyá ó ti lẹ̀. Láti 1968 ni Khodadoust àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ehoro ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí. Níbi tí wọ́n ti bó sẹ́ẹ̀lì kúrò ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ìtẹ́lẹ̀ sílẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun di ibẹ̀ mú ṣinṣin láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Níbi tí wọ́n ti gé ìtẹ́lẹ̀ náà kúrò, ojú ọgbẹ́ padé, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí wọ́n tó lẹ̀ dáadáa. Lára ènìyàn, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí àwọn tó ń tẹ́ táìsì mọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á tẹ́ pálọ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á máa dán, ṣùgbọ́n wọ́n á gbé pákó dí ẹnu ọ̀nà pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Sìmẹ́ńtì kò tíì gbẹ.

Ta ló wá ń tẹ̀ ẹ́ ní ìdájí? Ìpénpéjú aláìsàn fúnra rẹ̀ ni. Bí a bá sùn, omi ojú máa ń dínkù, ìpénpéjú á sì lẹ̀ mọ́ òkè kọ́níà. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti so mọ́lẹ̀ dáadáa, bí a bá jí tí a la ojú, ìpénpéjú ló máa tú. Níbi tí hemidesmosome kò tíì tó, sẹ́ẹ̀lì ló máa bá ìpénpéjú lọ. Ó ya, ọgbẹ́ tún ṣí, kọ́níà tí iṣan ìmọ̀lára pọ̀ nínú rẹ̀ ju èyí tó wà ní awọ ara lọ sì kígbe. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìdájí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sí lọ́sàn-án, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ojú kan náà. Èékánná àná ni àjẹ́ tó ké.

Mo gbọ́ àlàyé yìí ní kílíníkì ní 400 level, ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìdánwò tí mo ń sọ. Àgbẹ̀ kan ni ewé àgbàdo gé lójú ní oṣù méjì ṣáájú, ó sì ń jí pẹ̀lú ìrora. Ọ̀gá wa yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n kọjú sí wa, wọ́n ní, "Kí ni kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́ nínú ojú yìí?" Gbogbo wa dákẹ́. Kì í ṣe pé a kò mọ hemidesmosome. Inú kọ́ọ̀sì mìíràn ni a ti mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère, a sì ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi àkọ́kọ́ sí àwọn olùkọ́ wa nìyí: ẹ má bi wá pé ká dárúkọ mọ́. Ẹ bi wá pé, "Obìnrin ẹni ọdún 60 kan jí ní ìdájí pẹ̀lú ìrora ojú, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí èékánná họ ọ́. Purotéènì wo ni ẹ fura sí, kí sì ni ẹ máa sọ fún un?" Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn ti mọ orúkọ wọn náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi kejì kan gbogbo wa, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde tí ẹ ń rí aláìsàn lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí ojú ọgbẹ́ bá padé, tí a sì ti rí i dájú pé kòkòrò àrùn kò wọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn mẹ́ta kún ọ̀rọ̀ wa: "Màmá, ojú ọgbẹ́ yìí ti padé, ṣùgbọ́n kò tíì lẹ̀ dáadáa. Ẹ máa fi ìpara yìí sí i lálaalẹ́ kí ẹ tó sùn, fún iye ọ̀sẹ̀ tí a kọ síbẹ̀, kódà bí kò bá dùn yín mọ́. Bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kan tó dùn yín bíi ti àkọ́kọ́, ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ padà wá."

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti sọ ọ́ fún mi. Èkíní, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í padà wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú èyí tó máa ń padà wá, a mọ̀ ọ́n: èékánná, etí ìwé, ewé àti ẹ̀ka igi. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ náà, a mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì òkè kọ́níà wọn kì í di ilẹ̀ mú tó ti ẹlòmíràn. Kò ṣòro láti mọ ẹni tí a máa sọ ọ́ fún.

Èkejì, wọ́n ní èrò pọ̀ ní kílíníkì, kò sí àyè láti máa kọ́ aláìsàn ní purotéènì. N kò ní kí ẹnikẹ́ni pe integrin létí Màmá Ìbàdàn. Gbólóhùn mẹ́ta yẹn kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àìsọ ọ́ ló gba àkókò: aláìsàn tó padà wá nígbà mẹ́rin, tàbí èyí tí kò padà wá rárá nítorí pé ó ti rí ibòmíràn lọ.

Ẹ̀kẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan wọ̀nyí. Èmi kò gbà. A ní lẹ̀ mọ́, a ní so, a ní dì mú, a ní kàn mọ́, a ní tú, a sì mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn ju bí ìwé wa ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹni tó bá lè sọ fún mi pé E-cadherin ń di ara rẹ̀ mú, pé hemidesmosome ń kan sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀, ó ti yé e ju ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ. Mo dán an wò kí n tó kọ èyí. Ibi tí Yorùbá mi ti dúró ni mo ti rí i pé n kò mọ nǹkan náà dáadáa.

Bí ó bá ti yé wa báyìí, àwọn ìmọ̀ràn tí a ń fún aláìsàn á ní ìdí. A máa ń sọ pé kí wọ́n má máa ra ojú: wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn fa ohun tí kò tíì lẹ̀. A máa ń sọ pé kí wọ́n má fi oògùn apàmọ̀lára, irú èyí tí a ń kán kí a tó yẹ ojú wò, lọ sílé: kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rìn bo ojú ọgbẹ́. A ń sọ pé kí wọ́n má ra oògùn ojú lọ́wọ́ kẹ́mísìtì kí wọ́n máa kán an fún oṣù mẹ́fà: benzalkonium chloride tí wọ́n fi ń pa oògùn mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìgò máa ń tú ìdè òkè tí occludin àti ZO-1 wà nínú rẹ̀ bí ó bá pẹ́ níbẹ̀. Èyí tó bá sì jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù lè fa glaucoma, ó sì lè jẹ́ kí olú tó bá ewé wọ inú ọgbẹ́ gbilẹ̀.

Lílẹ̀ náà sì lè pọ̀ jù. Nínú ojú gbígbẹ, ICAM-1 máa ń pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì òkè ojú, á sì máa di LFA-1 tó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì T mú, ìyẹn á jẹ́ kí ojú máa wú kó sì máa pọ́n. Lifitegrast, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2016, kò ṣe ju pé ó dúró sí àárín àwọn méjèèjì. Oògùn ni orúkọ tí a kíráàmù yẹn ti dà.

Ní ti Màmá Ìbàdàn, ọjọ́ tí mo rí àgbẹ̀ yẹn ni mo pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wá, ọ̀gá wa yẹ̀ wọ́n wò lábẹ́ slit lamp, ibi tó ṣí náà hàn kedere, àpá kékeré kan sì ti wà nítòsí rẹ̀. Wọ́n lo ìpara alaalẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá ti ní bí kò bá gbọ́, a máa fi lẹ́ǹsì bò ó, tàbí ká lo abẹ́rẹ́ tàbí iná lésà láti jẹ́ kí ibẹ̀ lẹ̀, ṣùgbọ́n kò débẹ̀. Ó ti lé ní oṣù méje báyìí tí wọn kò jí pẹ̀lú ìrora mọ́.

Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín, pẹ̀lú táìsì àti pákó ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Kí ló dé tí ẹni àkọ́kọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?" Wọ́n ti lọ bẹ ìyàwó àbúrò ọkọ wọn. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́. Wọ́n ń kí ara wọn báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì gbé ọmọ rẹ̀ wọ yàrá wọn láti ọjọ́ náà.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá, ojú ewé kan péré, fún ògiri kílíníkì wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo ọ̀rọ̀ tó dára ju tèmi lọ fún aláìsàn yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí.

Òǹkọ̀wé wà ní 400 level.